Ẹ Má Tíì Kó Koríko Òkun Sóko Ẹ̀fọ́

Imú la fi ń kọ́kọ́ mọ̀ pé koríko òkun ti dé sí Gonzagueville. Bí ó bá ti wà lórí iyanrìn fún bí ọjọ́ méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Sargassum ni orúkọ rẹ̀. Láti 2011 ni ìgbì ti ń gbé e wá sí etíkun wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó ń kún inú àwọ̀n àwọn apẹja dípò ẹja.

Ìyá kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ ládùúgbò wa, ará Èjìgbò bíi tèmi, bí púpọ̀ nínú àwa Yorùbá Àbíjàn, bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run ń dà sílẹ̀ yìí?"

Ìbéèrè náà kò gọ̀ rárá. Orí iyanrìn tí kì í di omi mú ni wọ́n ń dáko. Láti ìgbà tí ajílẹ̀ alápò ti gbówó lórí ní 2022, ìgbẹ́ adìẹ ló kù tí apá wọn ká. Àwọn àgbẹ̀ etíkun Ireland àti Brittany sì ti ń kó koríko òkun sóko láti ayébáyé. Lóde òní, wọ́n ń fún omi inú rẹ̀, wọ́n ń bu omi púpọ̀ là á, wọ́n á wá fín in sára ewé. Pòtásíọ̀mù wà nínú rẹ̀, àti àwọn èròjà tó ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n náítírójìn rẹ̀ kéré. Kò lè gba ipò ìgbẹ́ adìẹ.

Ìyá kó o sóko bẹ́ẹ̀ ní tútù. Iyọ̀ jó ebè tẹ̀tẹ̀ méjì. Mo ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi ṣàn án, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ lójú wọn?

Iyọ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù, omi lè fọ̀ ọ́ kúrò. Sargassum máa ń fa ásénìkì, tí í ṣe májèlé, mọ́ra láti inú òkun, fífọ̀ kò sì lè mú un kúrò tán. Ọjà ni ẹ̀fọ́ yìí ń lọ, ikùn ọmọ ẹlòmíì ló ń bọ̀ sí. Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ohun tó bá ti ọwọ́ Ọlọ́run wá kò lè pa ni. Ásénìkì náà, ọwọ́ Ọlọ́run ló ti wá.

Ilé ìwádìí wà ní Àbíjàn: CNRA fún iṣẹ́ àgbẹ̀, CRO fún òkun. Ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn ni pé kí wọ́n fi koríko tó gúnlẹ̀ síbí gbin ẹ̀fọ́ lórí iyanrìn tiwa yìí, kí wọ́n wọn ásénìkì inú ewé rẹ̀, kí wọ́n sì sọ èsì rẹ̀ fún àwọn ìyá wọ̀nyí ní èdè tí wọ́n gbọ́. Títí dìgbà náà, àwọn tó ń gbin òdòdó tà lẹ́bàá títì Bassam ni kó máa dán an wò. Ẹnikẹ́ni kì í fi òdòdó wọn se ọbẹ̀.

Ìyá ti padà sídìí ìgbẹ́ adìẹ. Àpò mẹ́ta ni wọ́n rà lánàá.