Ta Ni Ó Ń Darí Fóònù Ilé Yín?

Ọ̀rọ̀ wa ti oṣù yìí kan gbogbo ilé tí fóònù bá wà. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bùráúsà, ìyẹn ohun èlò inú fóònù tí a ń gbà wọ inú íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń lo Chrome. Àwọn mìíràn ń lo Opera Mini tàbí Firefox. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé, “Ta ni ó ṣètò bí ohun èlò yìí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ nínú ilé yín?” ìdáhùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé, “Bí a ṣe bá a náà ni a ṣe ń lò ó.”

Àwọn tó ń ṣòwò íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 2023, nígbà tí ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pe Google ń lọ lọ́wọ́, ó hàn ní kóòtù pé ní ọdún 2021 nìkan, ilé iṣẹ́ náà san bílíọ̀nù dọ́là 26.3 fún àwọn tó ń ṣe fóònù, àwọn tó ń ṣe bùráúsà àti àwọn mìíràn, kí ó lè jẹ́ pé Google ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ bá níbẹ̀ bí ó bá fẹ́ wá nǹkan. Kí ló dé tí wọ́n ná irú owó bẹ́ẹ̀? Wọ́n mọ̀ pé púpọ̀ nínú ènìyàn kì í yí ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ padà.

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó ṣe bùráúsà kò mọ ilé yín. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ bí ojú màmá yín ṣe ń ríran sí, bí ọmọdé bá ń fọwọ́ kan fóònù náà, àti iye dátà tí agbára yín ká. Nítorí náà, ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ tún un ṣètò. Kò gba owó, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí orúkọ tó wà lórí fóònù yín bá yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a kọ síhìn-ín, ẹ fara balẹ̀ wò ó, ẹ ó rí èyí tó jọ ọ́.

1. Ìròyìn tí a kò pè

Ìyá kan ní àdúgbò wa kò lè sùn mọ́ nítorí fóònù. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni ó ń dún, tí ó ń sọ fún un pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ inú fóònù rẹ̀, pé kí ó tètè tẹ ibì kan kí wọ́n bá a yọ ọ́. Ó ti mú káàdì báńkì rẹ̀ jáde kí ọmọ rẹ̀ tó dá a dúró. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Ìkànnì kan tí ìyá náà ti wò rí ni ó béèrè bóyá kí òun máa fi ìròyìn ránṣẹ́, ìyá sì tẹ “Allow” kí ó lè ráyè ka ohun tó ń kà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ń dí ògiri náà. Ẹ ṣí Chrome. Lókè, ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ ó rí àmì kéékèèké mẹ́ta tó tò lé ara wọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan “Settings”, lẹ́yìn náà “Site settings”, lẹ́yìn náà “Notifications”. Gbogbo ìkànnì tí ẹ ti fún láyè wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ dí i. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè pa gbogbo rẹ̀ pátápátá. Nínú “Site settings” yìí kan náà ni ẹ ó ti rí ìkànnì tí ó ní àyè láti lo kámẹ́rà yín, tàbí láti mọ ibi tí ẹ wà.

2. Dátà tó ń lọ láìsí ìdí

Àwọn kan ṣì ń wá ètò tí Chrome fi ń dín dátà kù ní ìgbà kan. Ẹ má ṣe wá a mọ́. Google ti mú un kúrò ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí “Settings”, “Privacy and security”, kí ẹ wá “Preload pages”. Èyí ni ó ń jẹ́ kí Chrome lọ gbé ojú ewé tí ó rò pé ẹ máa ṣí wá sílẹ̀, kí ẹ tó ṣí i rárá. Ẹ yan “No preloading”. Opera Mini ní tirẹ̀ máa ń fún ojú ewé pọ̀ kí ó lè kéré, ẹ sì lè dín bí àwòrán ṣe dára tó kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń fún un pọ̀ gan-an, ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wọn ni ó ń gbà kọjá. Ẹ má ṣe fi irú ètò yẹn ṣe iṣẹ́ báńkì.

3. Ọ̀rọ̀ ìwọlé

Bí fóònù bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, tí ó sì ní títì, kò burú kí bùráúsà bá a tọ́jú “password” rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù tí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ aládùúgbò ń lò ńkọ́? Nígbà tí ó bá béèrè bóyá kí òun fi í pamọ́, ẹ kọ̀ fún un. Bí ẹ bá lo kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, ẹ ṣí “Incognito”, kí ẹ sì tì í pa nígbà tí ẹ bá parí. Ẹ rántí pé kì í bo yín lójú ilé iṣẹ́ tó ni íntánẹ́ẹ̀tì náà. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kò tọ́jú ìtàn ibi tí ẹ lọ sínú ẹ̀rọ náà.

4. Ojú àgbà àti ojú ọmọdé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣí “Settings”, lẹ́yìn náà “Accessibility”, kí ẹ bá àwọn òbí yín sọ lẹ́tà di ńlá. Àgbà tí kò rí ohun tó ń kà dáadáa ni ó tètè ń tẹ ohun tí kò yẹ.

Ní ti àwọn ọmọdé, Google ní ètò kan tó ń jẹ́ “SafeSearch”. Ẹ yan “Filter” níbẹ̀, yóò sì máa yọ àwòrán ìhòòhò kúrò nínú ohun tí wọ́n bá wá ní Google. Kò ní agbára lórí ìkànnì tí ọmọ bá ṣí tààrà, nítorí náà kò lè rọ́pò òbí tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin olùfẹ́, ẹ mú ìrọ̀lẹ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yìí, kí ọmọ àti òbí jókòó ti fóònù kan. Ọmọ ni yóò fi ọ̀nà hàn, òbí ni yóò sọ ohun tí ilé fẹ́. Nígbà mìíràn tí ìkànnì kan bá sì tún béèrè àyè, ẹ kọ́kọ́ kà á kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Ó di oṣù tó ń bọ̀. Kí àlàáfíà wà nínú ilé yín.