Abẹ́rẹ́ Tuntun, Sírínjì Tuntun: Ẹ̀tọ́ Wa Ni

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ìṣègùn ni mo bá wá.

Ní ọjọ́ kan, mo sin awakọ̀ kan tí ibà ń ṣe láti gáréèjì ní Ọ̀yọ́ lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́mísí kan. Onítọ̀hún fa sírínjì yọ nínú abọ́ omi, ó fẹ́ fi gún un. Mo ní kó dúró. Ó ní omi gbígbóná lòun fi fọ̀ ọ́. Awakọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà pé èrò Ògbómọ̀ṣọ́ ń dúró de òun. Mo fà á lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn mímu ni wọ́n fún un, ara rẹ̀ sì yá.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Imo ní ọdún 1989. Ibà Lassa wọ ilé ìwòsàn méjì. Ènìyàn 34 ló kó o, 22 nínú wọn kú. Àwọn tó wádìí rẹ̀ rí i pé sírínjì tí aláìsàn ń pín lò ló tan àrùn náà káàkiri láàárín wọn. Nígbà tó yá, ó mú nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń tọ́jú wọn. Ọ̀nà abẹ́rẹ́ yìí kan náà ni kòkòrò éèdì àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ lè gbà wọ ara.

Mo mọ ìdí tí a fi ń sáré wá abẹ́rẹ́. Ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe lónìí, ebi ń dúró dè é nílé. Ṣùgbọ́n oògùn mímu tó fún ọ̀pọ̀ àìsàn. Bí dókítà bá ní abẹ́rẹ́ ló tọ́, kí wọ́n tú abẹ́rẹ́ àti sírínjì tuntun nínú ọ̀rá lójú yín. Bí wọ́n bá gún un tán, kí wọ́n jù ú sínú páálí líle tí abẹ́rẹ́ kò lè gún yọ, nítorí òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni ẹni tó ń kó ìdọ̀tí ilé ìwòsàn.

Níbi tí ilé iṣẹ́ bá ti ní yàrá ìtọ́jú, kí aṣojú ẹgbẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá: ṣé sírínjì wà tó? Ṣé páálí náà wà? Ẹ má dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi fún ohun tí wọn kò rà fún un.

Ẹ má tijú láti béèrè. Bí ẹnì kan bá béèrè, wọ́n lè pè é ní aláriwo. Bí gbogbo wa bá béèrè, wọn yóò ṣe é. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.