Ọmọ ilẹ̀ kòkó, ẹ má fi ṣokoléètì pa ajá yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lábẹ́ igi kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti máa ń jẹun ọ̀sán ní Àbẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan já díẹ̀ nínú ṣokoléètì ọwọ́ rẹ̀, ó jù ú sí ajá kan tó ń rìn kiri níbẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì í pariwo pé, "Má fún un! Ó ń pa ajá o." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní ajá òyìnbó ni ṣokoléètì ń pa, kì í ṣe ajá tiwa tó ń jẹ ìdọ̀tí láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹlòmíì ní ajá òun ti jẹ ẹ́ rí, kò sì ṣe é ní nǹkan kan.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ obìnrin yẹn ló sọ òótọ́. Ṣokoléètì léwu fún ajá, ó sì lè pa á. Kì í ṣe àṣejù àwọn òyìnbó, kì í sì í ṣe ìtàn orí íntánẹ́ẹ̀tì lásán.

Inú kòkó ni wàhálà náà ti wá. Èròjà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní theobromine. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti káféènì tó wà nínú kọfí àti obì. Ẹ ṣáà mọ bí obì ṣe máa ń lé oorun lọ lójú awakọ̀ òru. Tí èèyàn bá jẹ ṣokoléètì, bíi wákàtí méje ni ara rẹ̀ máa fi lé ìdajì èròjà yìí jáde. Ní ti ajá, ó ń tó wákàtí 17 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọkàn rẹ̀ ń sáré, iṣan ara rẹ̀ ò sì sinmi. Ajá òyìnbó o, ajá ìbílẹ̀ o, bí ara wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ṣé ẹni tó ní ajá òun jẹ ẹ́ tí kò kú wá ń parọ́ ni? Rárá o. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn dókítà ẹranko ní tí theobromine bá ti tó mílígíráàmù 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ajá wọ̀n, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kó máa yàgbẹ́ gbuuru. Tó bá tó 40 sí 50, ó ti di ọ̀rọ̀ ọkàn. Tó bá tó 60, gìrì lè gbé e. Ṣokoléètì oní-mílíìkì tí gbogbo wa mọ̀ ní bíi mílígíráàmù 2 nínú gíráàmù kan. Àmọ́ ṣokoléètì dúdú kíkorò tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò lè ní 14 nínú gíráàmù kan. Kòkó lẹ́búlẹ́bú tí wọn ò pò mọ́ ṣúgà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ajá ìbílẹ̀ tó wọ̀n kílò 10 máa jẹ bíi gíráàmù 100 ṣokoléètì oní-mílíìkì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ kékeré kan ò fi ṣe ajá ọ̀rẹ́ wa ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ṣokoléètì dúdú ti oníkéèkì ni, gíráàmù 15 péré ti tó láti dá a láàmú. Ẹ wá wo Lhasa kékeré oníkílò mẹ́ta tí ẹ ń gbé lọ́wọ́ ya fọ́tò: gíráàmù 13 irú ṣokoléètì dúdú yẹn lè fi gìrì gbé e. Ìyẹn ò kún àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ẹni tó sáré kọjá títì márosẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí mọ́tò ò gbá a, ṣé ó wá lè máa sọ pé mọ́tò kì í pa èèyàn?

Ohun tó dùn mí jù ni pé ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ wa. Láti Iléṣà dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ẹ máa rí èso kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní tàbí sí etí títì. Owó kòkó wà lára ohun tó gbé ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ró ní Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dún 1955, òun náà ló kọ́ Ilé Kòkó n'Ìbàdàn. Àwa ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú kòkó, kì í ṣe pé kí àwọn tí kò rí igi rẹ̀ rí máa kọ́ wa. Èso kòkó gbígbẹ náà ní theobromine nínú, èèpo ara èso náà sì ní in. Ní Amẹ́ríkà àti Bírítéènì, àwọn kan máa ń da èèpo yìí sí ìdí òdòdó, àwọn dókítà ẹranko sì ti kìlọ̀ fún wọn nítorí ajá tó ń jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí òbí yín ń sá kòkó, tí ọmọ ajá sì wà nínú ọgbà, ẹ so ajá náà mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ ká kòkó kúrò níbi tí ẹnu rẹ̀ lè tó.

Àwọn àgbà ní ajá ilé ò mọdẹẹ́ ṣe. Àmọ́ kò sí ajá ilé tí imú rẹ̀ ò mọ ibi tí báàgì yín wà. Lọ́jọ́ Valentine, lọ́jọ́ ìbí, lásìkò Kérésìmesì, ìgbà yẹn gan-an ni ṣokoléètì àti kéèkì máa ń wà nílẹ̀ káàkiri. Ẹ gbé e sókè, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé inú ilé náà, torí ìfẹ́ ni wọ́n á fi fún un. Milo àti Bournvita náà ní kòkó nínú. Lóòótọ́, tiwọn ò tó ti kòkó lẹ́búlẹ́bú, síbẹ̀ oúnjẹ ajá kọ́.

Tí ajá bá ti jẹ ẹ́ ńkọ́? Ẹ má dúró dìgbà tó bá ń gbọ̀n. Àmì lè má hàn títí wákàtí mẹ́fà sí méjìlá: èébì, òùngbẹ, ìtọ̀ léraléra, kó máa lọ kó máa bọ̀ láìlè dùbúlẹ̀, kí àyà rẹ̀ máa lù kì-kì-kì. Ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ bí ajá náà ṣe wọ̀n tó, irú ṣokoléètì tó jẹ, bó ṣe pọ̀ tó, àti ìgbà tó jẹ ẹ́. Ẹ mú ọ̀rá rẹ̀ dání. Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa oró yìí, àmọ́ tí ẹ bá tètè dé, dókítà lè mú kó bì í jáde kó tó wọ ara. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ má fún un ní omi iyọ̀. Epo lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, iyọ̀ fúnra rẹ̀ sì lè pa á.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó wà nídìí ètò ìlera ẹranko ní Àbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni àgbáyé fi ń sọ̀rọ̀ nípa àrùn dìgbòlugi lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn bá kó ajá wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ fi gbólóhùn kan kún un: ẹ má fún ajá ní ṣokoléètì. Kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fowó gọbọi ra ajá báyìí, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ fún wọn.

Ní ti ajá abẹ́ igi ọjọ́ náà, díẹ̀ ló jẹ, ara rẹ̀ le koko. Nígbà tó tún padà wá, tó ń jùrù, ọ̀dọ́kùnrin yẹn wo ojú obìnrin náà, ó gbé ìyókù ṣokoléètì sápò, ó sì já ẹran inú abọ́ rẹ̀ sí méjì. Ajá ò bèèrè ṣokoléètì. Ó gbé ẹran lọ.