Mọ́tò Ilé Ọdẹ: Ẹbọ Kò Rọ́pò Bíréèkì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ara mi ni, ó sì ní ìtìjú díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá fi àṣìṣe rẹ̀ pamọ́, ọmọ rẹ̀ ni yóò tún un ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá ní Ìlọrin níbí mọ̀ pé ilé ọdẹ ni ilé wa. Bàbá mi ń bọ Ògún, ó sì ń ṣọdẹ. Èmi ni Ifá mú nínú àwọn ọmọ rẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin ló gba ìbọn. Láyé bàbá wa, píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ni mọ́tò ọdẹ. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, kò sì sí abúlé tí ẹ ò ti ní rí ẹni tó lè tún un ṣe. Táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, ó ga nílẹ̀, ẹrù kì í bà á lẹ́rù. Ìyẹn ti kọjá lọ.

Nígbà tó yá, ọmọ mi tó wà ní Èkó ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, tòun ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí a lè máa fi lọ sórí odò Ọya ní Jẹ́bà, lọ́dọ̀ àna wa tó ń pẹja. Ó ra ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń fi wọ́ ọ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ń pè é ní tírélà, ṣùgbọ́n kì í ṣe tírélà tó ń kó símẹ́ǹtì o. Ìdí mọ́tò ni wọ́n ń so ó mọ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a múra ìrìn àjò: ọdẹ ní alẹ́, odò ní àárọ̀. Mo dá Ifá, Ifá ní ká rúbọ, ká sì mú sùúrù lójú ọ̀nà. A rú ẹbọ náà, a sì gbàgbé sùúrù. Àwa mẹ́sàn-án la kún inú mọ́tò ẹbí oníjókòó méje, tòun ti ìbọn, ajá, iṣu àti kúlà omi. A so ọkọ̀ ojú omi mọ́ ìdí rẹ̀. A kọjá Òkè-Òyì láìsí wàhálà. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Bódè Sáádú, ọ̀nà tẹ́ dáadáa, awakọ̀ wa tẹ iná mọ́ ọn. Ẹ̀yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún bí ìrù ajá. Ó tẹ bíréèkì, ó wá burú sí i. Inú igbó la bá ara wa. Kò sí ẹni tó kú, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún àbúrò mi ṣẹ́, apá tó fi ń yìnbọn.

Nígbà tá a délé, àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Èmi náà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, torí ó rọrùn ju pé kí n gba ẹ̀bi. Mẹkáníìkì mi ló là mí lójú. Ó bi mí pé, "Bàbá, ibo lẹ gbé ẹ́ńjìnnì àti kẹ́ẹ̀gì epo sí?" Mo ní ìdí ọkọ̀ ojú omi, lẹ́yìn pátápátá. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn táyà tírélà, orí rẹ̀ á fúyẹ́, á wá máa mi mọ́tò. Ó ní nínú ìwọ̀n ohun tí èèyàn ń wọ́, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó jókòó lórí irin ìdí mọ́tò. Bó bá jẹ́ 600 kílò, ẹ jẹ́ kí 60 sí 90 kílò wà níwájú. Bó bá sì ti ń mì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀, ẹ di ìdarí mú gbọin, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì.

Látìgbà náà ni mo ti ń wádìí kí n tó jẹ́ kí ilé ra mọ́tò mìíràn. Ohun tí mo rí rèé.

Àkọ́kọ́, ẹ ka èèyàn, ẹ wọn ẹrù. Ọ̀pọ̀ mọ́tò oníjókòó méje, nǹkan bíi 500 sí 600 kílò ni wọ́n ṣe é láti gbé, èèyàn àti ẹrù lápapọ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ní 70 kílò ti di 630, a ò tíì ka ajá, a ò tíì ka ohun tó jókòó lórí irin ìdí mọ́tò. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Wọ́n sábà máa ń lẹ ìwé kékeré kan tó sọ ìwọ̀n náà mọ́ ibẹ̀.

Ìkejì, táyà wo ló ń fa mọ́tò? Bó bá jẹ́ ti iwájú, ó dára fún ìgboro àti ọjà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wọ́ ọkọ̀ ojú omi jáde létí odò, ẹrù á tẹ ìdí, iwájú á fúyẹ́, táyà á máa yí lásán nínú ẹrẹ̀. Èyí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, tó sì ní gíà kékeré tó lágbára, ló yẹ etí odò àti ọ̀nà oko.

Ìkẹta, táyà àti bíréèkì. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dídán tàn yín.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé lórí èyí. Ọmọ Èkó fẹ́ jíìpù ńlá. Ìyàwó mi ní, "Bàbá wọn, níbo làwa obìnrin fẹ́ jókòó sí?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Ìpinnu wa ni píkọ́ọ̀pù Toyota Hilux tòkunbọ̀, oníjókòó márùn-ún, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ẹni kẹfà á wọ mọ́tò èrò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ èmi. Ajá ló ni ibẹ̀, nínú àgò. Ìbọn kò gbọdọ̀ ní ọta nínú kó tó wọlé. A kì í sì í dẹ igbó ìjọba bíi ti Kainji tàbí Ọ̀yọ́ Ilé, òfin kò gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ ń lọ igbó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ẹ má rà á. Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo, mọ́tò ńlá ti di ẹnu tí kì í yó. Ẹ háyà, kó tán.

Ní ọjọ́ tí mọ́tò náà dé, a fi obì, iṣu sísun àti emu bọ Ògún. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé Ògún ló ni irin, Ọya ló ni odò, ṣùgbọ́n àwa la ni ọwọ́ tó ń so irin ìdí mọ́tò. Ifá ní ká rúbọ, ó tún ní ká mú sùúrù. Ìdajì la ṣe, ìdajì náà la gbà.

Apá àbúrò mi ti ń san. Kò tíì lè gbé ìbọn, ṣùgbọ́n òun ló ń yẹ irin náà wò báyìí kí mọ́tò tó kúrò nílé. Bó bá ní ká sọ̀kalẹ̀, gbogbo wa ló ń sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀nà kò ní na wá, odò kò ní gbé wa. Àṣẹ.