Láísẹ́ńsì tó bọ́ nítorí ínṣọ́ránsì ní Ìlú Ọba: irọ́ kọ́ ló máa dá a padà

Mọ́tò ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó kó lọ sí Ìlú Ọba fi ń jẹun. Ẹni tó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé kan sí èkejì nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tó lè gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: wíwa ọkọ̀ láìní adójútòfò, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ínṣọ́ránsì.

Ohun tí òfin sọ kò lọ́jú rárá. Bí ọlọ́pàá bá mú awakọ̀ tí kò ní ínṣọ́ránsì, ìtanràn pọ́ùn 300 àti póìǹtì 6 lórí láísẹ́ńsì ni. Bó bá dé ilé ẹjọ́, ìtanràn náà kò ní gbèdéke mọ́. Ọlọ́pàá tún láṣẹ láti wọ́ mọ́tò náà lọ.

Awakọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ lè fara da póìǹtì 6, torí póìǹtì 12 láàárín ọdún 3 ni wọ́n sábà fi ń dá èèyàn dúró. Ti awakọ̀ tuntun yàtọ̀. Òfin ọdún 1995 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 2 tó yege ìdánwò ìwakọ̀, póìǹtì 6 ti tó láti fagi lé láísẹ́ńsì rẹ̀. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan àwọn tó ti Nàìjíríà lọ. Láísẹ́ńsì Nàìjíríà kò ṣeé pààrọ̀ níbẹ̀. Oṣù 12 péré ni wọ́n lè fi wakọ̀, lẹ́yìn náà, ìdánwò di dandan. Ẹni tó ti fi ọdún 20 wakọ̀ l'Ékòó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò ní Manchester, awakọ̀ tuntun ni lójú òfin.

Ṣé ọ̀daràn nìkan ló ń kó sínú wàhálà yìí ni? Rárá o. Ní Nàìjíríà, bí ìwé bá ti wà nínú mọ́tò, ọkàn awakọ̀ balẹ̀. Ní Ìlú Ọba, kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, tó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkọsílẹ̀ ínṣọ́ránsì. Bí owó oṣù kan kò bá rí yọ ní báǹkì, iléeṣẹ́ lè fagi lé ínṣọ́ránsì náà, kí lẹ́tà tí wọ́n fi sọ ọ́ sì lọ sí ilé tí awakọ̀ ti kó kúrò. Ẹlòmíì ra ínṣọ́ránsì tó wà fún ìrìn àjò ara ẹni àti lílọ síbi iṣẹ́ kan ṣoṣo, ó wá ń fi mọ́tò náà yí ilé àwọn tó ń tọ́jú ká. Àwọn gbájúẹ̀ náà tún wà lórí WhatsApp àti Instagram, tí wọ́n ń ta ayédèrú ní owó pọ́ọ́kú.

"N ò mọ̀" kì í gbani lọ́wọ́ òfin yìí. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì lè ṣàlàyé fún ilé ẹjọ́ pé ìdí pàtàkì wà tí kò fi yẹ kí wọ́n fún òun ní póìǹtì. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kí awakọ̀ tuntun rí lọ́yà kó tó san pọ́ùn 300 yẹn. Ẹni tó bá ti san án ti gba póìǹtì 6 nìyẹn.

Bí láísẹ́ńsì bá ti lọ ńkọ́? Onítọ̀hún á padà gba láísẹ́ńsì ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ DVLA, á tún ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà àti ti ojú títì. Ìṣòro kejì ni ẹni tó máa ta ínṣọ́ránsì fún un. Àmì IN10 máa wà lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ọdún 4, iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì sì lè béèrè nípa rẹ̀ títí ọdún 5 á fi pé. Àwọn kan máa lé e padà, àwọn mìíì máa bu owó gọbọi lé e. Ṣùgbọ́n àwọn alágbàtà kan wà tó jẹ́ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá. BIBA, ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà ínṣọ́ránsì, máa ń júwe wọn. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bí èèyàn ṣe ń wakọ̀, lè dín owó náà kù.

Ohun tó léwu jù ni kí èèyàn fi IN10 pamọ́, tàbí kó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń wa mọ́tò jù, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń wà á. Lábẹ́ òfin ọdún 2012, iléeṣẹ́ tó bá rí i pé oníbàárà mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ lè ka ínṣọ́ránsì náà sí ohun tí kò sí rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, ọjọ́ jàǹbá ọkọ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ju mọ́tò lọ. Ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló gbé físà rẹ̀ dúró, bí iṣẹ́ náà bá bọ́, 60 ọjọ́ ni ìjọba sábà máa ń fún un láti wá agbanisíṣẹ́ mìíràn. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọn ò sì gba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun mọ́. Iléeṣẹ́ tó ń gbà wọ́n síṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ ínṣọ́ránsì yé wọn. Àwọn ẹbí tó wà nílé náà lè béèrè nígbà tí wọ́n bá ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù: ṣé ínṣọ́ránsì mọ́tò rẹ gba irú iṣẹ́ tí ò ń fi ṣe?