Ìparí L'Attaque des Titans: Ohun tí Mo Gbà àti Ohun tí N Kò Gbà

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá, láti oṣù kẹrin ọdún 2013 títí di oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí eré àwòrán ilẹ̀ Jàpáànù tí à ń pè ní L'Attaque des Titans fi wà lójú agbo. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí wò ó ní kékeré ti di géńdé kí ó tó parí. Nígbà tí ó sì parí, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní Isayama Hajime, ẹni tó kọ ìtàn náà tó sì yà á, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn ní kò sí ìparí tó lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kò sí lẹ́yìn apá kankan. Ohun tí mo rí ni pé ìparí náà tọ̀nà níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń bú u, ó sì kùnà níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ní ṣókí fún ẹ̀yin àgbà tí ẹ kò wò ó rí. Àwọn ènìyàn kan ń gbé ní erékùṣù Paradis, láàárín odi mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó àádọ́ta mítà, nítorí ìbẹ̀rù àwọn òmìrán tó ń jẹ ènìyàn. Wọ́n rò pé àwọn nìkan ló ṣẹ́kù láyé. Ọmọdékùnrin kan wà níbẹ̀, Eren Yeager, tí òmìrán jẹ ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá rí òtítọ́, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ni àwọn òmìrán náà. Orílẹ̀-èdè Marley, ní òdìkejì òkun, ló ń sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ayé kórìíra ẹ̀yà Eldia fún ìkà tí àwọn baba ńlá wọn ṣe. Ni Eren bá jí àwọn òmìrán tó wà nínú odi, ó dà wọ́n sórí ayé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ọmọ aráyé ti kú kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dá a dúró. Mikasa, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ́ ẹ lórí.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kan Isayama ni pé ó sọ akọni di ẹni yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí ayé bá ti pinnu láti pa ènìyàn run, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ pa ayé run, kí ó má ku ẹyọ kan. Ó ń bí wọn nínú pé Eren sunkún níwájú Armin ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé ó jẹ́wọ́ pé òmùgọ̀ lásán tí agbára bọ́ sí lọ́wọ́ ni òun. Mo ní rárá. Ẹni tó fi ara balẹ̀ wo eré náà ti gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ̀ tipẹ́. Gabi, ọmọbìnrin Marley tí a fi ìkórìíra tọ́ dàgbà, ló yìnbọn pa Sasha. Ọjọ́ dé tí baba Sasha bá apànìyàn náà pàdé ní ojúkojú. Ọ̀bẹ dé ọwọ́ rẹ̀, kò lò ó. Ó ní igbó ni ayé yìí, pípa ni a ń pa ara ẹni nínú rẹ̀, iṣẹ́ àgbà sì ni láti ru ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ kí àwọn ọmọdé lè jáde kúrò nínú igbó náà. Ìtàn tó ti sọ báyìí, báwo ni yóò ṣe wá dé adé fún apànìyàn ní ìgbẹ̀yìn?

Àwa tí a ń sọ èdè yìí ní Bẹ̀nẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. A mọ ohun tí odi jẹ́. Àkàbà Ìdènà ṣì wà ní Kétu, ó ń rán wa létí. Ní ọdún 1886, ogun Dàhọ̀mì wó ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ìgbèkùn. Lẹ́yìn tí agbára Àgbómẹ̀ wó, àwọn tó padà bọ̀ tún ìlú náà kọ́. Lónìí, ọmọ Kétu àti ọmọ Àgbómẹ̀ ń jókòó lórí àga kan náà ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń bímọ. Àwọn àgbà wí pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Èmi kò ní kí a gbàgbé. Kí a máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ké pé Eren jàre, kí ó sọ fún wa irú ẹ̀san tí ì bá tọ́ sí Kétu, àti lórí ọmọ ta ni.

Wọ́n tún ní asán ni gbogbo rẹ̀, nítorí a rí i ní òpin pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ogun mìíràn wá sọ Paradis náà di òkìtì àlàpà. Ibẹ̀ gan-an ni òye ìtàn náà wà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ̀jẹ̀ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún aráyé kò ra àlàáfíà àìnípẹ̀kun fún erékùṣù kan.

Mo gbà pé nínú ìwé, tó parí ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Isayama ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Níbẹ̀, Armin dúpẹ́ lọ́wọ́ Eren pé ó di apànìyàn nítorí tiwọn. A kì í dúpẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré náà jáde ní ọdún 2023, a ti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe: Armin gbà pé òun náà ní ìpín nínú ẹ̀bi ọ̀hún, àti pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ jìyà rẹ̀ ní ọ̀run àpáàdì. Ọpẹ́ di ìjẹ́wọ́. Mo yìn ín fún èyí.

Ohun tí n kò gbà rárá ni ọ̀rọ̀ Ymir. Ẹrúbìnrin ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni agbára àwọn òmìrán ti ṣẹ̀. Àwọn ènìyàn Ọba Fritz run abúlé rẹ̀, ọba sọ ọ́ di ohun èlò ogun, ó bí ọmọ mẹ́ta fún un, ó sì kú nítorí rẹ̀. Ikú pàápàá kò dá a sílẹ̀: ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ni ó fi ń sin ìdílé ọba. Nígbà tí Eren dì mọ́ ọn, tó sọ fún un pé kì í ṣe ẹrú, pé òun ni yóò yan ohun tó wù ú, inú mi dùn. Òtítọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní òpin, wọ́n ní ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ni ìfẹ́ tó ní sí ọba náà.

Ìfẹ́ kẹ̀! Àwọn tí a kó gba èbúté Àjàṣẹ́ kọjá òkun, ṣé ìfẹ́ olówó wọn ló mú wọn dúró sí oko ìrèké? Ìbẹ̀rù ni, ẹ̀wọ̀n ni, àìríbi-sá-sí ni. Ẹrú lè sin olówó rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́, kí ọkàn rẹ̀ má sì fìgbà kan jẹ́ ti olówó. Ẹni tó bá sọ ìgbèkùn di ìfẹ́ ti gba ohun ìkẹyìn tó kù lọ́wọ́ ẹrú, èyí tí olówó rẹ̀ gan-an kò rí gbà. Bóyá Isayama fẹ́ fi hàn bí ọkàn ẹni tí a fìyà jẹ ṣe lè lọ́ mọ́ ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó sọ ọ́ yanjú, kí ó má fi gbólóhùn méjì lé e kọjá nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ máa bínú sí ìparí náà bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ìbínú yín síbi tó yẹ. Ẹ má bínú pé apànìyàn kò borí. Ẹ bínú pé wọ́n ní ẹrú fẹ́ràn okùn tí a fi dè é.