Lẹ́yìn Tí Ọkọ̀ Bá Lọ

Ní 2016, Africa Mercy, ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ ilé ìwòsàn, gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wọ́. Àmọ́ iṣẹ́ abẹ kì í kọ́ ọmọ ní ìrìn. Àwọn físíò tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe ìyẹn: na ẹsẹ̀, tẹ orúnkún, dìde, tún un ṣe.

Ní 2017, ọkọ̀ lọ. Ta ni yóò máa bá ìyá ọmọ tẹ orúnkún náà?

Lójú tiwa, olùyọ̀ǹda tí kò kọ́ òṣìṣẹ́ ìlú níṣẹ́ kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ̀yin ojúgbà wa tó ń kọ́ físíò, ẹ tún Yorùbá yín ṣe kí ẹ tó lọ (wọ́n ń sọ ọ́ ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́), kí ẹ lè mọ̀ bóyá orúnkún ń ro ọmọ ni, tàbí ó ń ta á.